Blender àti ọ̀nà tí kámẹ́rà ń gbà wọnú ilé

Ẹni tó ń kọ́lé kì í fẹ́ wo pláànù. Bí òun yóò ṣe wọ géètì, gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, já sí pálọ̀ ló fẹ́ rí. Fídíò irú ìyẹn ni mo ń fi Blender, sọ́fítíwia tí wọ́n fi ń ṣe àwòrán 3D, ṣe ní Ìbàdàn níbí. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò ní san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló mú mi dúró tì í.

Ó ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀: ibi tí kámẹ́rà ń gbà, bó ṣe ń yára sí, àti ohun tó ń wò. Nínú àwọn sọ́fítíwia tó jẹ́ pé fọ́tò lẹ ó máa yà síbí, sọ́hùn-ún, kó tó so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀, iṣẹ́ yá lóòótọ́. Àmọ́ kí oníbàárà ṣáà ti ní, "Ẹ jẹ́ kó rọra kọjá níbi àtẹ̀gùn yẹn." Ẹ fọwọ́ kan ọ̀kan, èyí tó tẹ̀ lé e á yẹ̀.

Ti Blender rèé: ẹ fa ìlà Bezier (ìlà tó ṣeé tẹ̀ bó bá ṣe wù yín) gba inú ilé, ẹ gbé e sókè ní mítà 1.6, níbi tí ojú àgbàlagbà máa ń wà. Ẹ fún kámẹ́rà ní Follow Path, àṣẹ tó ń mú un tẹ̀ lé ìlà, ẹ yan ìlà náà, ẹ wá tẹ Fixed Position. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń tì í lọ báyìí: 0 ni géètì, 1 ni òpin ìrìn. Tí ẹ bá fẹ́ kó dúró wo pálọ̀, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà náà yí fún fíréèmù 48 (fíréèmù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan inú fídíò), ìṣẹ́jú àáyá méjì nìyẹn ní 24 fps, ìyẹn fíréèmù 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìlà ò mira rárá.

Ẹnu ọ̀nà ló máa ń fi ọwọ́ ọ̀gá hàn. Ìlà á máa dán lójú, kámẹ́rà á sì gba inú òpó ilẹ̀kùn kọjá. Ẹ wò ó láti òkè, ẹ fi ojú ìlà kan sáàárín ilẹ̀kùn gan-an, ẹ tẹ V, ẹ yan Aligned kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè wà lórí ìlà kan náà, kí ẹ wá nà wọ́n gba inú ilẹ̀kùn tààrà. Á gún wọlé, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa yà.

Ní ti ojú, mo máa ń fi Track To, àṣẹ tó ń mú kámẹ́rà kọjú sí nǹkan, so ó mọ́ Empty kan, ohun tí kì í hàn nínú fídíò, mo sì máa ń sún Empty yẹn síbi fèrèsé kí kámẹ́rà tó débẹ̀. Èèyàn a máa yí orí kó tó yí ara.

Ẹ̀dùn ọkàn mi? Ohun tí wọ́n tò sílẹ̀ látilẹ̀ kò bá ilé mu. Lẹ́ǹsì 50 mm ti há jù fún yàrá. 24 ni mo ń lò. Follow Curve pẹ̀lú, èyí tó ń yí kámẹ́rà síbi tí ìlà kọjú sí: ẹ tẹ̀ ẹ́ lásán, kámẹ́rà á dorí kodò, bí ẹni tó ń wá owó tó já bọ́ sílẹ̀, àfi tí ẹ bá yan -Z fún iwájú àti Y fún òkè. Gbogbo keyframe (ibi tí ẹ ti fi nọ́ńbà pa mọ́ fún ìrìn) ló sì tún máa ń dẹ̀rìn fúnra rẹ̀, kámẹ́rà á wá máa tiro. Ẹ tẹ T nínú Graph Editor, kí ẹ sọ àárín di Linear, kí ìrìn rẹ̀ dọ́gba. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin nìkan ló yẹ kó rọra.

Ẹ má ṣe é jáde sí fídíò tààrà o. Ìṣẹ́jú àáyá 40 jẹ́ fíréèmù 960. PNG, fáìlì àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ pa Overwrite, èyí tó ń fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀. Tí iná bá lọ, á bẹ̀rẹ̀ níbi tó dé.

Ẹni tó ń ṣe fídíò kan péré lọ́dún lè má nílò wàhálà yìí. Ẹni tí oníbàárà rẹ̀ ń pè ní alẹ́ Sunday pé kó yí àtẹ̀gùn padà, kó lọ kọ́ ọ.