Mílíìkì Ẹnu Ọ̀nà ní London: Mílíìkì Dáa, Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Gbé E Wá Ni Gbogbo Ẹ̀ Wà

Mílíìkì inú ìgò tí onímílíìkì ń gbé wá sẹ́nu ọ̀nà wa láàárọ̀ yẹn dáa. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí gbogbo ìráhùn tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ti mílíìkì fúnra ẹ̀ o, ti bó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London, Manchester, Leeds àti gbogbo ibẹ̀ yẹn, tí ẹ máa ń rí ìgò lẹ́nu ọ̀nà àwọn aládùúgbò yín láàárọ̀ tí ẹ sì ń rò ó pé ṣé kí ẹ̀yin náà gbà á, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún wa níbí, lápá Plumstead.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Ẹ máa gba áàpù ilé iṣẹ́ tó ń gbé mílíìkì wá sórí fóònù, ẹ máa yan ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ́sẹ̀ àti iye ìgò, ẹ fi káàdì báńkì yín síbẹ̀, wọ́n á máa yọ owó wọn. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ọ́dà, ẹ ti gbọ́dọ̀ ṣe é kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù, torí òru ni wọ́n ń kẹ́rù, tó bá sì fi máa di aago méje àárọ̀, mílíìkì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Tí ẹ bá mu ún tán ẹ ṣan ìgò, ẹ gbé e síta padà, onímílíìkì á kó o lọ nígbà tó bá gbé tuntun wá, wọ́n á lọ fọ̀ ọ́ dáadáa wọ́n á tún rọ mílíìkì sínú ẹ̀. Ìgò kan lè lọ kó bọ̀ tó nǹkan bí ìgbà 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò nídìí iṣẹ́. Èyí wù mí gan-an, ike tó ń jáde nílé wa lọ́sẹ̀ ti dínkù, ojú rí i.

Ìgò kan, páìǹtì kan ni, 568 ml. Àmọ́ ẹ kíyè sí àwọ̀ ìdérí o, ó ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Nínú ike súpámákẹ́ẹ̀tì, búlúù ni èyí tí ọ̀rá ẹ̀ pé, gíríìnì ni èyí tí wọ́n yọ ọ̀rá ẹ̀ díẹ̀, pupa ni èyí tí wọ́n yọ gbogbo ọ̀rá ẹ̀. Ti ìgò ò rí bẹ́ẹ̀. Fọ́ìlì sílífà gbalaja ni èyí tí ọ̀rá ẹ̀ pé, sílífà tó ní ìlà pupa ni wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀, búlúù ni wọ́n ti yọ gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá ń wá búlúù bó ṣe mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, òdìkejì ohun tó fẹ́ ló máa bá lẹ́nu ọ̀nà. Góòlù náà wà, ti màálù Jersey àti Guernsey, ọ̀rá ẹ̀ ló pọ̀ jù, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn.

Tí ẹ bá gba èyí tí wọn ò fi ẹ̀rọ lu ọ̀rá ẹ̀ mọ́ omi, ọ̀rá yẹn á gòkè fúnra ẹ̀, á jókòó sí ọrùn ìgò, á pọ́n díẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, á ki débi pé tí ẹ bá ṣí i tí ẹ dà á, ó lè kọ́kọ́ má jáde. Àwọn ọmọ mi ń bá ara wọn jà lórí ẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni ọrùn ìgò. Tí ẹ̀yin ò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ẹ gbọn ìgò kí ẹ tó ṣí i, ó parí.

Ṣùgbọ́n ohun tó dè mí mọ́ wọn gan-an ni wàrà. Mo máa ń ṣe wàrà fúnra mi, torí èyí tí wọ́n ń tà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa níbí, tí ẹ bá tiẹ̀ rí i rà, ó ti pẹ́ nínú fíríìsà. Àwọn ìyá Fúlàní nílé, oje bòmubòmu ni wọ́n fi ń mú un dì, níbo ni mo ti fẹ́ rí bòmubòmu ní Plumstead, ọsàn wẹ́wẹ́ ni mò ń lò, tí kò bá sí, fínígà. Màá da ìgò mẹ́rin sínú ìkòkò, iná kékeré, màá máa rò ó kó má baà jó nídìí, tó bá ti ń rú èéfín tí etí ẹ̀ ń hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, màá máa fún ọsàn sí i díẹ̀díẹ̀. Ojú yín báyìí ló ṣe máa pín sí méjì, omi ẹ̀ á mọ́ gaara, á ní àwọ̀ ewé díẹ̀, wàrà á ṣù jọ sókè. Màá sẹ́ ẹ, màá fi nǹkan tó wúwo tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi jò tán, màá gé e, ó di inú epo gbígbóná, lẹ́yìn náà ata rodo àti àlùbọ́sà. Mílíìkì súpámákẹ́ẹ̀tì náà ń ṣù o, n ò parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ tó bá dénú epo ó máa ń fọ́ yángá. Ti onígóòlù yìí á dúró digbí, etí ẹ̀ á pọ́n, inú ẹ̀ á rọ̀, tí ẹ bá gé e ẹ ò ní rí ẹ̀rún kankan nínú epo. Wàrà tó máa ń jáde nínú ìgò mẹ́rin yẹn náà pọ̀ ju ti ike lọ.

Kí n sọ èyí náà, torí ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ dá a sọ. Mílíìkì tútù máa ń ṣe ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá nínú. Kì í ṣe àìsàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé mílíìkì ti bàjẹ́. Olikoye Ransome-Kuti, tó padà wá di mínísítà ètò ìlera ní Nàìjíríà ní 1985, wà lára àwọn dókítà tó ṣèwádìí ẹ̀ láàárín àwọn ìdílé ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, ohun tí wọ́n sì rí ni pé ṣúgà tó wà nínú mílíìkì kì í dà dáadáa nínú ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá, nígbà tí ara àwọn Fúlàní darandaran gbà á ju tiwa lọ. Nítorí náà tó bá ń rú yín nínú, ẹ má tìtorí pé ìgò ẹ̀ dùn-ún wò kí ẹ máa kó o jọ. Wàrà rọrùn fún inú díẹ̀, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà yẹn ló ń bá omi ẹ̀ lọ. Wọ́n tún ń gbé mílíìkì oat náà wá, èyí tí wọ́n fi ọkà ṣe, kì í ṣe ti màálù, ìyàwó àbúrò mi, òun ló ń gbà, inú ẹ̀ balẹ̀.

Owó ńkọ́? Ó wọ́n, ẹ ò gbọdọ̀ tan ara yín. Páìǹtì kan nínú ìgò ń lọ sí nǹkan bíi pọ́n-ùn kan ààbọ̀, nígbà tí ike ńlá tó gba páìǹtì mẹ́rin ní súpámákẹ́ẹ̀tì ò tó pọ́n-ùn méjì. Ilé tí ọmọ pọ̀ sí, tí gbogbo wọn ń jẹ sírìà láàárọ̀, kò lè fi ìgò ṣe gbogbo ẹ̀ láìjẹ́ pé owó pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí àwa ṣe ń ṣe é ni pé ike ńlá fún tíì àti sírìà, ìgò fún wàrà, fún ògì, àti fún ẹni tó bá fẹ́ mu ún lásán. Ẹyin, búrẹ́dì, bọ́tà tí áàpù máa ń gbé kò yín lójú pé kí ẹ fi kún un, ẹ fi sílẹ̀ jàre, owó ẹ̀ ju agbára ẹ̀ lọ.

Ó wá kan onímílíìkì fúnra ẹ̀. Ọkùnrin tó ń gba ọ̀nà tiwa, kí Ọlọ́run bù kún un. Mọ́tò ẹ̀, iná mànàmáná ló ń lò, ẹ ò ní gbọ́ ìró ẹ̀ rárá, ìgò tó ń kan ara wọn wọnran-wọnran nínú kíréètì nìkan lẹ máa gbọ́. Ó máa ń ti géètì padà. Ó máa ń gbé ìgò sẹ́yìn ìkòkò òdòdó níbi tí oòrùn ò ti ní kàn án tí ẹni tó ń kọjá ò sì ní rí i, kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ o, ojú ara ẹ̀ ló fi rí i. Ìyá àgbàlagbà kan ń dá gbé nítòsí wa, ọmọ Jàmáíkà, ìgò tó gbé fún un ṣì wà níta nígbà tó tún padà wá, kò kàn gbé tuntun tì í kó máa lọ, ó kan ilẹ̀kùn wa pé ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wo màmá yìí. Ọlọ́run ṣe é, ilé ọmọ ẹ̀ ni màmá lọ. Ta ni nínú àwọn tó ń gbé páálì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní ìlú yìí ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Ọjọ́ tí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́ wá lọ̀rọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi rọ́pò ẹ̀ ò mọ ilé, ó lè gbé tiwa sílé tí nọ́ńbà ẹ̀ jọ tiwa ní òpópónà kejì, ó lè gbé onípupa fún ẹni tó ní kí wọ́n gbé góòlù wá, kò ní kó òfìfo, òfìfo á wá máa tò lẹ́nu ọ̀nà títí. Èyí tó dùn mí jù ni pé ojú oòrùn gan-an ni wọ́n máa ń gbé e sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí. Kì í ṣe ooru nìkan ló ń ba mílíìkì jẹ́, ìmọ́lẹ̀ náà ń bà á jẹ́, ìgò tó mọ́ gaara yẹn ò sì lè dáàbò bò ó, tó bá ti pẹ́ nínú oòrùn, ẹ máa mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Ìdí tó fi ń rí bẹ́ẹ̀ ò ṣòro mọ̀. Ní 1974, mílíìkì tí wọ́n ń gbé wọ ilé ní ilẹ̀ Britain, ó lé ní 90 nínú 100 tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń gbé e wá. Àwọn àgbà wa tó wá kàwé síbí láyé ọjọ́ un mọ̀ ọ́n, yàrá tí wọ́n gbà ò ní fíríìjì, ojú fèrèsé ni wọ́n ń gbé mílíìkì sí nígbà òtútù, onímílíìkì sì ń wá lójoojúmọ́. Fíríìjì dé, súpámákẹ́ẹ̀tì dé pẹ̀lú ike olówó pọ́ọ́kú, nígbà tó fi máa di bíi 2016 ó ti já wá sí nǹkan bíi 3 nínú 100. Kónílé-ó-gbélé ti 2020 ló tún jí i díẹ̀, àwọn èèyàn ò lè jáde, gbogbo wọn sáré padà sọ́dọ̀ onímílíìkì. Níjọ́un, gbogbo ilé ní òpópónà kan ló ń gbà á, ẹni tí wọ́n bá fi dípò kàn máa tẹ̀ lé ilé láti ilé ni. Nísinsìnyí ilé tó ń gbà á fọ́n káàkiri, méjì níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, ọ̀nà tí ẹnì kan ń rìn lóru kan gùn débi pé ohun tó mọ̀ nípa ilé kọ̀ọ̀kan, orí ẹ̀ ló wà, kò sí nínú ẹ̀rọ kankan. Tí ilé iṣẹ́ bá lè kọ ìwọ̀nba yẹn sílẹ̀ sórí áàpù, pé ilé yìí ẹ̀yìn ìkòkò òdòdó ni, ìdajì wàhálà yìí ti tán.

Ọ́fíìsì wọn ló wá burú. Tí mílíìkì ò bá dé, ẹ ò rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, róbọ́ọ̀tì ló máa dá yín lóhùn, á sì ní kí ẹ fi fọ́tò ránṣẹ́. Fọ́tò ohun tí kò dé! Mo ya ẹnu ọ̀nà mi tó ṣófo, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n dá owó padà lóòótọ́, àmọ́ inú àkáǹtì wọn ni wọ́n dá a padà sí, kì í ṣe káàdì mi, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ṣì máa ná an. Èyí ò dáa. Owó oníbàárà ni, kí wọ́n dá a padà síbi tí wọ́n ti mú un.

Ti ẹyẹ àti kòkòrò, ẹ má bínú sí wọn, ó ti pẹ́. Láti 1921 ni wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ ní Swaythling, lẹ́bàá Southampton, pé àwọn ẹyẹ kéékèèké ń já ìdérí ìgò kí wọ́n lè mu ọ̀rá tó wà lókè, blue tit ló wá lókìkí jù nínú iṣẹ́ yẹn. Tiwa níbí, magpie ni, ó ń fi ẹnu lu fọ́ìlì yẹn títí yóò fi ya. Ìgbín tí kò ní ìkarahun náà á gun ìgò lóru, á fi itọ́ yọ̀bọ̀yọ̀bọ̀ sára ẹ̀, ẹ fọ ìgò kí ẹ tó gbé e wọlé. Kọ́ọ̀pù ike tí ẹ bá dà bo orí ìgò ti tó fún ẹyẹ, ẹ kàn gbé kọ́ọ̀pù síta mọ́jú, onímílíìkì tó mọ iṣẹ́ á fi bò ó. Tí òtútù bá mú gan-an, mílíìkì á dì, á wú, á ti ìdérí sókè. Kò bàjẹ́ o, ẹ jẹ́ kó yọ́ nínú fíríìjì.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé fúláàtì tó ní ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń fi kóòdù ṣí, ẹ kọ́kọ́ bèèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í gòkè, ìsàlẹ̀ ni wọ́n máa gbé e sí, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ ló ni ín.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìgò méjì lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi dán an wò ná, kí ẹ mọ irú ẹni tó ń gba ọ̀nà yín. Tí ẹ bá sì ń lọ sílé ní Nàìjíríà, ẹ dá a dúró lórí áàpù kí ẹ tó wọ bàálù, kí ẹ sì padà wò ó bóyá ó ti gbà á lóòótọ́, torí tí ìgò bá ń tò lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo àdúgbò ló máa mọ̀ pé kò sẹ́ni nílé, olè náà á sì mọ̀.