Òtẹ́ẹ̀lì kékeré tí mo dé sí ní Victoria Island, àti ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè kí ẹ tó sanwó

Ẹni tó bá ń ti ìlú mìíràn wá ṣiṣẹ́ l'Ékòó mọ̀ pé ibi téèyàn sùn ló máa sọ bí ọjọ́ kejì yóò ṣe rí. Bí iṣẹ́ yín bá wà ní Adeola Odeku tàbí Ahmadu Bello Way, tí ẹ wá lọ sùn sí Ìkẹjà torí pé owó ibẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, orí Third Mainland Bridge ni agbára tí ẹ fẹ́ fi ṣiṣẹ́ máa tán sí. Ìdí nìyí tí mo fi gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan lẹ́yìn Adeola Odeku, ní àdúgbò tí ìpàdé wa wà gan-an. Ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ láràárọ̀. Ẹni tó bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ afárá Falomo ní aago méje àárọ̀ rí kò ní bi mí pé kí ló dé tí mo fi sanwó tó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Wọn ò kọ́ ilé náà fún òtẹ́ẹ̀lì. Ilé gbígbé ló pọ̀ ní Victoria Island tẹ́lẹ̀, kí báńkì àti ọ́fíìsì tó gba gbogbo ibẹ̀, irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ni wọ́n tún ṣe. Ó hàn lára rẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró, kò sí lífíìtì, yàrá kan ò jọ èkejì, bọ́ìsìkọ́tà tó wà lẹ́yìn ló sì di ilé ìdáná. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe wù mí, torí pé ó ṣì ní ojú ilé nínú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà tí orúnkún ń yọ lẹ́nu bọ̀, ẹ tètè sọ pé yàrá ìsàlẹ̀ lẹ fẹ́, torí méjì péré ló wà níbẹ̀.

Yàrá mọ́ tónítóní. Aṣọ ibùsùn funfun gbòò, wọ́n lọ̀ ọ́ dáadáa, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ibùsùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti na wáyà fóònù yín láti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n rí á mọ ìdí tí mo fi ń sọ ọ́. Káàdì tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn náà lẹ máa kì bọ ara ògiri kí iná tó tàn, bí ẹ bá sì ti yọ ọ́ jáde, ẹ̀rọ amúlétutù ti kú nìyẹn. Lọ́sàn-án, bí mo bá sáré wá mú nǹkan, inú yàrá á ti gbóná. Mo sọ fún ọmọkùnrin tó wà níbi ìgbàlejò, ó fún mi ní káàdì kejì kí n fi sílẹ̀ níbẹ̀, kò jiyàn rárá.

Ọ̀rọ̀ iná ló dùn mí. Wọ́n ní Band A ni láìnì àwọn, ìyẹn àwọn tí ìjọba sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2024 pé kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́. Lóòótọ́ ni iná ń wà, ṣùgbọ́n òru ni wọ́n ń mú un lọ, abẹ́ fèrèsé yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ni jẹnẹrétọ̀ sì wà. Kì í ṣe ariwo nìkan, ògiri ń gbọ̀n, ife omi tó wà lórí tábìlì ń dún wìnrìnwìnrìn. Mi ò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ síwájú, wọ́n sì gbé mi lọ kí n tó dé láti ibi iṣẹ́. Ìṣesí wọn dára, àmọ́ irú yàrá yẹn kò yẹ ní iye kan náà pẹ̀lú tiwájú. Bí ẹ bá fẹ́ gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì kékeré kankan ní Èkó, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà.

Omi gbígbóná ń wá dáadáa. Omi kànga ẹ̀rọ ni, ó sì ti pa balùwẹ̀ láró díẹ̀. Omi inú ike tí wọ́n ń kó sí yàrá lójoojúmọ́ ni mo mu, mo sì fi fọ ẹnu.

Oúnjẹ àárọ̀ ló máa mú mi padà lọ. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá á to oúnjẹ ogún oríṣi kalẹ̀, ìdajì rẹ̀ á ti tutù. Níbí, ìyá kan ló ń dáná, Màmá ni gbogbo wọn ń pè é. Fèrèsé ilé ìdáná kọjú sí ibi tí a ti ń jẹun, mo sì máa ń rí wọn bí wọ́n ṣe ń fi ṣíbí onígi po ẹ̀wà lílọ̀ títí táá fi fúyẹ́. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i àfi ìgbà tí òróró bá ti gbóná, torí bí iyọ̀ bá tètè wọ inú rẹ̀, á máa ṣomi, àkàrà náà ò sì ní wú. Tiwọn wú, ẹ̀yìn rẹ̀ gan, inú rẹ̀ rọ̀. Wọ́n rí i pé mi ò fọwọ́ kan mílíìkì tí wọ́n gbé ti ògì mi. Láti ọjọ́ kejì, ògì mi ń wá láìsí mílíìkì, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Irú ìtọ́jú báyìí ni mò ń tìtorí rẹ̀ wá ilé kékeré.

Owó wá ńkọ́? ₦95,000 fún alẹ́ kan ni mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, wọ́n fi VAT ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún àti owó orí ìpínlẹ̀ Èkó tó jẹ́ ìdá 5 kún un, ó di ₦106,875. Mi ò bá òtẹ́ẹ̀lì jà nítorí owó ìjọba, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àpapọ̀ rẹ̀ wà níbi tí èèyàn ti ń yan yàrá, pàápàá fún ẹni tí ọ́fíìsì rẹ̀ ti fún ní iye tó gbọ́dọ̀ ná. Wọ́n tún gba ₦50,000 ìdúró, wọ́n ní tí mo bá ń lọ, wọ́n á dá a padà. Mo ti dé Ìbàdàn, owó ò tíì wọlé. Ìgbà tí mo pe mánéjà fúnra rẹ̀ ni wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ìgbádùn alẹ́, àdúgbò náà kì í ṣe tiyín. Ibi tí Bar Beach wà, tí gbogbo wa ń ya lọ nígbà ọdún, Eko Atlantic ló wà níbẹ̀ báyìí, bí ọ́fíìsì bá sì ti ṣíwọ́, títì á dá. Àmọ́ torí ìyẹn náà ni owó yàrá fi ń wálẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀ àti Sátidé. Wọn kì í sọ ọ́ fúnra wọn o, ẹ bi wọ́n.