iNaturalist wúlò fún ẹni tó bá rí ejò tí kò mọ̀

Ejò kan ká jọ sẹ́yìn àpò oúnjẹ adìyẹ wa ní Ẹ̀lẹ́yẹlé, n'Ífẹ̀ níbí. Àwọn ọmọ ti fa igi yọ. Mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù, mo dúró lókèèrè, mo yà á, mo gbé fọ́tò náà sórí iNaturalist, áàpù tó ń bá èèyàn dá ẹranko àti ewéko mọ̀ láti inú fọ́tò. Boaedon ló pè é, ìyẹn irú ejò tí wọ́n ń pè ní "house snake" lédè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó mọ ejò sì fọwọ́ sí i. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa: ilà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan gba òkè ojú kọjá, èkejì gba ìsàlẹ̀ ojú lọ sígun ẹnu. Kò lóró rárá, eku ló ń jẹ! Ọ̀fẹ́ ni áàpù náà. Ẹni tí ejò ti bù jẹ, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ sáré lọ o. Tí fọ́tò bá sì ṣú, "ejò" lásán ló lè sọ.