Àgbéyẹ̀wò amplifáyà onítúùbù mi l'Óṣogbo: túùbù tí mo pààrọ̀, èyí tó yàtọ̀ àti èyí tó kàn ń jẹ owó

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, torí àwọn tí ò ní ráyè kà á dé ìsàlẹ̀: amplifáyà hẹ́dífóònù yìí dáa, túùbù (gíláàsì tó ń pọ́n nínú ẹ̀, tó ń gbé orin ga) tó bá a wá ni ò dáa, owó tó sì yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná sí i kì í ṣe ti túùbù rárá, ti iná ni. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní fẹ́ gbọ́ ìyẹn, torí túùbù ló dùn ún rà, òun náà ló ń dán lálẹ́ tẹ́ ẹ fi máa ń yà á ní fọ́tò, ta ló ń ya stabilizer ní fọ́tò?

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi ni ọ̀kan nínú àwọn kékeré tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, mi ò dárúkọ ẹ̀ torí irú ẹ̀ pọ̀ lọ́jà, inú gbogbo wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Túùbù méjì ló ń lò. Kékeré tó wà níwájú ni 6SN7, òun ló ń gba orin látinú DAC (ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ orin inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà di iná) tó ń gbé e ga. Gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ tó wà lẹ́yìn ni 6AS7, òun ló ń fi agbára ti hẹ́dífóònù. Kò sí tiransifọ́mà láàárín túùbù ńlá yẹn àti hẹ́dífóònù, kapásítọ̀ (ohun tó máa ń tọ́jú iná sínú) ló wà níbẹ̀, OTL ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé hẹ́dífóònù tí ohm ẹ̀ (bó ṣe ń dènà iná tó) pọ̀ nìkan ló bá a lára mu. Sennheiser HD 600 ni mò ń lò, 300 ohm, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ íápíìsì 16 tàbí 32 ohm lẹ ní, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, ṣììì ni ẹ ó máa gbọ́ lábẹ́ orin, béèsì ò sì ní rí bó ṣe yẹ.

Mi ò kì í fi orin òyìnbó dán nǹkan wò o. Àpàlà àtijọ́ ni mo máa ń fi sí i, torí nínú àpàlà ẹ ó gbọ́ àgídìgbo nísàlẹ̀, ẹ ó gbọ́ gángan, ẹ ó gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń lé àwọn yòókù ń gbè, tí gbogbo wọn sì fún mọ́ ara wọn nínú rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti pẹ́. Ìbéèrè tí mò ń bi amplifáyà ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé mò ń gbọ́ ohun tí ìlù ń wí? Gángan kì í dún lásán, ọ̀rọ̀ ló ń sọ, tí ẹ̀rọ bá ti sọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ di ọ̀kan náà, oríkì tó ń kì ti bàjẹ́ nìyẹn. Pẹ̀lú túùbù tó bá a wá láti ilé iṣẹ́, mò ń gbọ́ ìlù, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀. Ohùn ẹ̀ han díẹ̀ lókè, ó wá fẹ́lẹ́ láàárín, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń ta síni létí.

Túùbù iwájú ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀, ìmọ̀ràn mi fún yín náà nìyẹn, torí òun ló ń yí ohùn padà jù. 6N8S ni mo rà, èyí tí wọ́n ṣe ní Rọ́ṣíà láyé Soviet, òun àti 6SN7 jọ ń ṣiṣẹ́ kan náà ni, ẹsẹ̀ wọn dọ́gba. Lára gíláàsì ẹ̀, lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà ni wọ́n fi kọ ọ́ tó fi jọ 6H8C, nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì ẹ tẹ méjèèjì, ìgbà míì ẹni tó kọ 6H8C ló ń tà á ní ẹ̀dínwó. Ọ̀tọ̀ ni ohùn tó jáde. Gángan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ já gaara, àgídìgbo rìn wálẹ̀ síbi tó yẹ kó wà, ohùn àwọn elégbè sì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, mo wá ń gbọ́ pé ọ̀kan nínú wọn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó gbè. Mo tún ra 6SN7 kan ní àlòkù, èyí tí RCA ti Amẹ́ríkà ṣe, ohùn ìyẹn rọ̀ ju ti Rọ́ṣíà lọ, ó ki, ó dáa fún ẹni tó ń gbọ́ jùjú pẹ̀lú gìtá lóru, àmọ́ tó bá di ti ìlù, ti Rọ́ṣíà ni mo mú. Electro-Harmonix tuntun náà wà níbẹ̀, kò láàbùkù, kò sì ní kẹ́ ẹ fò sókè. Lójú tèmi ẹni tó bá fẹ́ túùbù tuntun tí ò ní fún un ní wàhálà, kó gbé ìyẹn, kó sinmi.

Bẹ́ẹ̀, 6SN7 yìí kì í ṣe nǹkan orin nìkan o. Ó wà lára túùbù tó pọ̀ jù nínú ENIAC, kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n fi han ayé ní Amẹ́ríkà ní 1946, tó lo túùbù tó ju 17,000 lọ. 6AS7 náà, inú ẹ̀rọ tó ń mú fóltéèjì dúró sójú kan ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí fóltéèjì tó dúró sójú kan gan-an la ń wá kiri níbí tá ò rí.

Ní ti túùbù ẹ̀yìn, mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò. Mo ti lo 6N13S ti Rọ́ṣíà, mo ti lo 6080, ìyàtọ̀ wà ṣùgbọ́n ó kéré, 6080 le díẹ̀ ní béèsì, 6N13S fẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń pariwo 5998 ti Tung-Sol gan-an, òótọ́ ni pé ó ń gbé orin ga ju 6AS7 lọ dáadáa, iye tó fi ń gbé e ga lé ní 5 nígbà tí ti 6AS7 jẹ́ 2 péré, àmọ́ ẹ lọ wo owó ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá mi lóhùn. Látìgbà tí ogun Ukraine ti bẹ̀rẹ̀ ní 2022 tí títa túùbù láti Rọ́ṣíà ti wá di wàhálà, owó gbogbo ẹ̀ ti gòkè, bí dọ́là ṣe wá rí sí náírà, túùbù tó jẹ́ ọ̀wọ́n l'Amẹ́ríkà ti di owó ilé níbí.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ iná, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà. Nínú túùbù kọ̀ọ̀kan, wáyà tín-ín-rín kan wà tó máa ń pọ́n, híítà ni wọ́n ń pè é. Ìwé túùbù sọ pé 6.3 volt ló gbọ́dọ̀ máa gbà, tó bá fẹ́ yẹ̀ kó má yẹ̀ ju ìdá mẹ́wàá lọ, ìyẹn láti bíi 5.7 dé 6.9. Tiransifọ́mà inú amplifáyà ló ń sọ 230 volt tó wà lára ògiri di 6.3 yẹn. Ó dáa, ṣé 230 ló wà lára ògiri yín? Ládùúgbò wa lápá Òkè-Baálẹ̀ níbí, tó bá ti di aago mẹ́jọ alẹ́ tí gbogbo ayé ti dé, tí wọ́n tan firíìjì tan áyọ́ọ̀nù, mo ti ki mítà bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì mo rí 180. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, 180 yẹn, nǹkan bí 4.9 volt ló máa fún híítà. Túùbù ọ̀hún ò tíì jí nìyẹn! Túùbù kan náà, orin kan náà, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tòògbé, ẹ wá ń sọ pé 6N8S ò dùn. Tó bá di òru tí àwọn èèyàn ti sùn, fóltéèjì á fò lọ sí 250, híítà á gba bíi 6.85, kò tíì kọjá ààlà ṣùgbọ́n etí ààlà ló wà, bẹ́ẹ̀ ló ń dín ọjọ́ ayé túùbù kù díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, stabilizer. Kì í ṣe èyí tó ń ṣe ká-ká-ká o, torí gbogbo ká yẹn ni ẹ ó máa gbọ́ nínú hẹ́dífóònù, èyí tó ní mọ́tò kékeré nínú tó ń yí wúyẹ́wúyẹ́ ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó ní inverter, ẹ yẹ ẹ̀ wò bóyá pure sine wave (tí iná ẹ̀ ń rìn bíi ti NEPA) ni, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú tí ò kí ń ṣe pure sine máa ń mú kí tiransifọ́mà kùn, kíkùn yẹn á wọnú orin. Híítà túùbù méjèèjì nìkan ń jẹ tó 20 watt kí orin tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí náà tí bátìrì yín bá kéré ẹ má fi sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ti jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ gbàgbé ẹ̀, ẹni tó bá tan pọ́ǹpù omi lẹ́yìn ilé ẹ ó gbọ́ ọ nínú orin.

Lẹ́yìn stabilizer ó ṣì ń kùn díẹ̀, hùùù báyìí, tí orin bá dákẹ́. Gbogbo ẹni tí mo bi ló ní kí n tún pààrọ̀ túùbù. Túùbù kọ́ o, sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé tí mò ń gbé ni ò ní earth, wọ́n kàn ṣe ihò kẹta síbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́ ni. Mo pe oníṣẹ́ iná, ó gbá irin wọlẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó fa wáyà wá, kíkùn yẹn sì lọ tó fi jẹ́ pé tí mi ò bá gbé fọ́lúùmù dé òpin mi ò lè gbọ́ ọ. Owó iṣẹ́ yẹn ò tó owó RCA mi rárá.

Àtúnṣe kan ṣoṣo tí mo ṣe nínú ẹ̀ fúnra ẹ̀ ni kọ́bù fọ́lúùmù. Èyí tó bá a wá, tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, etí òsì máa ń kọ́kọ́ gbọ́ kí ti ọ̀tún tó dé, tí èèyàn bá sì ń gbọ́ orin lóru tí ọmọ ń sùn, ìsàlẹ̀ yẹn náà lèèyàn máa ń wà. Mo ra kọ́bù Alps RK27, mo gbé e lọ bá bàbá kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tí wọ́n ti ń tún rédíò ṣe látìgbà tí rédíògírámù ṣì jẹ́ nǹkan olówó. Inú wọn dùn nígbà tí wọ́n rí fáàfù (bí wọ́n ṣe ń pe túùbù nìyẹn), wọ́n lọ gbé páálí kan wá látẹ̀yìn, eruku bò ó, ECC83, EL84, EZ80 ló kún inú ẹ̀, Mullard, Philips, àwọn kan ò tíì jáde nínú páálí wọn rí. Mo ti ń dunnú. Bàbá ní, "Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mẹ́sàn-án lèyí ní, tìẹ ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kò lè bá ẹ ṣiṣẹ́." Kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun wọ́n yọ wáyà lára ògiri, wọ́n dúró, wọ́n fi mítà wo kapásítọ̀ ńlá inú ẹ̀, ó ṣì ku iná tó lé ní 100 volt níbẹ̀. "Ẹ̀rọ oní-fáàfù, ẹ̀yìn ìgbà tó o ti pa á tán ló ń pa èèyàn." Ẹ fi sọ́kàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá a tú nílé. Wọ́n fi spirit fọ ihò ẹsẹ̀ túùbù mọ́ ọn fún mi, ariwo tó ń ta pàrà-pàrà tẹ́lẹ̀ tí mo bá fọwọ́ kan túùbù iwájú sì dákẹ́.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ tún pààrọ̀ kapásítọ̀ sí olówó ńlá. Mi ò ṣe é, mi ò sì rí ohun tó ń dùn mí níbẹ̀.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ 6SN7 àti ti 6AS7 dọ́gba, ẹ lè ki ọ̀kan bọ ihò èkejì kó sì wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n híítà 6SN7 ń fa 0.6 amp nígbà tí ti 6AS7 ń fa 2.5, ẹ má fi dánra wò. 12SN7 náà máa wọlé, kò kàn ní jí ni, torí 12.6 volt ló ń lò. Ìsàlẹ̀ dúdú túùbù ni kẹ́ ẹ dì mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ má di gíláàsì ẹ̀ mú, ẹ má sì yí i, ẹ mì í jẹ́jẹ́ kẹ́ ẹ fà á sókè, lẹ́yìn tó bá ti tutù o. Tí túùbù tẹ́ ẹ rà bá dé, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tó dà bíi fàdákà lára gíláàsì, tó bá ti funfun bíi wàrà, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó ti kú. Ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ mi bẹ́ẹ̀ láti òkèèrè, ẹni tó tà á bá mi dá owó padà. Bákan náà, ẹ jẹ́ kí amplifáyà gbóná fún bíi ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó ki hẹ́dífóònù bọ̀ ọ́, torí bó ṣe ń jí ló máa ń ta gbì.

Ẹ̀sùn mi tó kù ni ooru. Ní oṣù kẹta tí Òṣogbo bá ń jó, tí ò sí iná fáànù, túùbù ńlá yẹn lórí tábìlì jẹ́ ìyà, mo máa ń pa á tì ni, mo máa ń fi DAC kékeré gbọ́ orin látorí fóònù. Tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, màá tún gbé e jáde pẹ̀lú 6N8S níwájú, 6N13S lẹ́yìn, stabilizer nísàlẹ̀. Ẹni tó bá ní hẹ́dífóònù 300 ohm sókè, tó sì ní earth nílé, kó rà á. Ẹni tí ò ní earth, kó kọ́kọ́ wá oníṣẹ́ iná.