Áàpù tó ń ka ìṣísẹ̀ fún òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì: ẹ má jẹ́ kí fóònù kú mọ́ yín lọ́wọ́

Ìṣísẹ̀ 7,214 ló wà lójú áàpù kí bátìrì tó kú. Nígbà tí iná dé tí mo tan fóònù, òdo! Ọjọ́ Ẹtì sì ni o, ọjọ́ tí áàpù yìí máa ń to orúkọ àwọn tó rìn jù ní ọ́fíìsì. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn dé Tákìé ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó tún rìn padà wá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọ̀gá tí kò kúrò lórí àga wà lókè rẹ̀.

Mo kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù náà lójú ẹsẹ̀. Èsì àkọ́kọ́ ní kí n yọ áàpù kúrò, kí n tún un gbé sórí fóònù. Ẹ má dán an wò! Gbogbo iye tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn ló máa bá a lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Èsì kejì kò fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, àfi "ẹ ṣe sùúrù" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ń béèrè irú fóònù tí mò ń lò, ohun tí mo ti kọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé ni ọmọkùnrin kan pè láti ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ má bínú, ọwọ́ wa ni àṣìṣe náà ti wá." Ó ní sẹ́ńsọ̀ inú Android, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ìṣísẹ̀, kì í ka ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, láti ìgbà tí a bá ti tan fóònù ló ń ka àròpọ̀. Tí fóònù bá kú, ó di òdo. Áàpù ló yẹ kó máa kọ iye náà pamọ́ lóòrèkóòrè, àmọ́ tiwọn ń dúró de dátà kó tó kọ ọ́. Kò lè dá ohun tó sọnù padà, àmọ́ kò sọ fóònù kalẹ̀ títí a fi tún Settings ṣe tán. Ọkàn mi rọ̀.

Ẹ lọ sí Settings, Apps, ẹ tẹ orúkọ áàpù náà, ẹ tẹ Battery, kí ẹ yan Unrestricted. Lórí Tecno àti Infinix, ẹ tún wá Auto-start, ẹ tàn án. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù máa pa áàpù náà bí ojú rẹ̀ bá ti ṣú. Láti Android 10, ẹ ní láti fún un láṣẹ Physical activity kó tó lè kà. Ẹ má fún un ní Location tó ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ló fẹ́ fi ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe?

Láti dán an wò, ẹ fi fóònù sápò, ẹ fẹnu ka ìṣísẹ̀ 100, kí ẹ dúró bí ìṣẹ́jú àáyá 10 kí ẹ tó wò ó, torí kíkà náà máa ń pẹ́ dé. Tó bá fi márùn-ún lé tàbí dín, ó dáa. Ẹ̀yin tó ń ró ìró bíi tèmi, kò sí àpò níbẹ̀, báàgì tó wà lórí tábìlì ò sì mọ̀ pé ẹ dìde. Ọ̀kadà tó ń ta lórí kòtò láti àdúgbò Under-G sì ń fi ìṣísẹ̀ ọ̀fẹ́ kún ti ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò rí ojúsàájú!

Ìránnilétí áàpù náà ló dùn mọ́ mi jù. Tó bá ku ìṣẹ́jú 10 kí wákàtí kan pé, tí ẹ ò tíì rìn tó 250, ó máa gbọ̀n. Ẹ lè pa á fún wákàtí tí èrò pọ̀ jù níwájú yín. Àwọn tó máa ń rán ọmọ iṣẹ́ lọ ra àmàlà ti ń fẹsẹ̀ ara wọn lọ báyìí.

Ẹ dín ìṣísẹ̀ 10,000 lójúmọ́ tí áàpù náà gbé kalẹ̀ kù. Ara ẹ̀rọ ìkàṣísẹ̀ kan tí wọ́n tà ní Japan ní 1965 ni iye náà ti wá. Mo fi tèmi sí 6,000.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Ọmọkùnrin tó pè ló ni méjì níbẹ̀, kì í ṣe áàpù.