Kodak Photo-Flo 200 àti àbàwọ́n ara fíìmù tí mo ń fọ̀ nílé ní Àkúrẹ́

Láti ìgbà tí mo ti ń fúnra mi fọ fíìmù dúdú-àti-funfun nílé wa ní Ọba-Ilé, ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ àbàwọ́n. Omi bọ́hóòlù wa mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ kẹ́tùlù tí a fi ń sè é ti funfun báláú, ohun funfun yẹn náà ni ó sì ń gbẹ mọ́ nẹ́gátíìfù mi, ìyẹn fíìmù tí mo ti fọ̀, ní òrùka-òrùka.

Èyí ni ó mú kí n ra Photo-Flo 200, oògùn olómi tí a ń fi ṣan fíìmù kẹ́yìn, kí omi má baà dúró lára rẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Ìwọ̀n oògùn kan sí ìwọ̀n omi 200 ni lílò rẹ̀. Nínú omi mílílítà 300 tí mo máa ń lò, mílílítà 1.5 péré ni yóò wọ̀ ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ṣíbí tíì ni mo fi bù ú bí ẹni ń da ọṣẹ sí omi aṣọ, fíìmù náà sì gbẹ pẹ̀lú ìlà tí ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti oògùn. Síríńjì ni mo ń lò báyìí, pẹ̀lú omi tí kò ní èròjà kankan nínú, irú èyí tí wọ́n ń rọ sí bátìrì ọkọ̀. Ẹni tí yóò bá rà á gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kì í ṣe ásíìdì ni wọ́n gbé fún òun.

Fíìmù HP5 Plus mẹ́ta tí mo yà ní Òkè Ìdànrè ni mo fi dán an wò, ẹ̀yìn wọn tí ń dán sì mọ́ tónítóní. Mo tún àwọn ti àtijọ́ rẹ sínú omi, mo sì fi oògùn náà ṣàn wọ́n. Òrùka tí ó wà lẹ́yìn wọn lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ lára èyí tí ó ti gbẹ sí ojú tí àwòrán wà kò lọ.

Ibi tí mo ti ṣi oògùn yìí lóye ni pé mo rò pé yóò mú gbogbo àmì kúrò. Àwọn àmì róbótó kan wà lójú ọ̀run àwòrán mi, tí etí wọn mú, tí wọ́n mọ́lẹ̀ gaara lórí nẹ́gátíìfù, tí wọ́n sì dúdú nígbà tí a bá tẹ àwòrán náà jáde. Afẹ́fẹ́ tí ó há sára fíìmù ni kò jẹ́ kí dẹfẹ́lọ́pà, oògùn tí ń mú àwòrán hàn, kan ibẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè tún un ṣe mọ́. Láti ìgbà náà, n kò da dẹfẹ́lọ́pà sínú ike tí mo fi ń fọ fíìmù kí n má gbá ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ gbì-gbì lórí tábìlì. Bí fíìmù bá sì rí bí ògì ní ibì kan, fíksà, oògùn tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba àwòrán jẹ́ mọ́, ni kò ṣiṣẹ́ tán. Ẹ dá a padà sínú fíksà tuntun, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ dáadáa. Ti eruku ọyẹ́ ńkọ́? Mo máa ń da omi gbígbóná sílẹ̀ nínú balùwẹ̀ kí ooru rẹ̀ lè mú eruku balẹ̀, kí n tó fi fíìmù kọ́ síbẹ̀.

Mo tún máa rà á. Kìkì pé mo máa ń yọ fíìmù kúrò lára kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ìyẹn ohun tí a ń ká a mọ́ nínú ike, kí n tó rì í bọ oògùn náà, nítorí bí ó bá gbẹ mọ́ kẹ̀kẹ́, fíìmù tí ó kàn yóò máa há nígbà tí mo bá ń ká a mọ́ ọn nínú òkùnkùn.