Starfighters of Adumar: ìwé dùn, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ ti kú

Ewé mẹ́jọ ló já bọ́ lára ẹ̀dà tòkúnbọ̀ ìwé ìtàn Star Wars yìí, níbi tí Wes Janson, ọ̀kan nínú awakọ̀ òfurufú inú ìtàn náà, ti fẹ́ fi ọwọ́ lásán kojú ẹni tó mú idà dání. Ibẹ̀ gan-an! Èsì òǹtàjà: "Ẹ̀gbọ́n, tòkúnbọ̀ ni, ẹ má retí tuntun." Mo ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn ìwé, fọ́tò iwájú ló fi ránṣẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́, fọ́tò iwájú náà ló tún fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì ó dé pẹ̀lú ìmọ̀ràn: kí n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́.

Sẹ́lótéèpù kẹ̀! Ìwé 1999 ni. Gọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn irú ìwé pélébé bẹ́ẹ̀ máa ń gan tó bá pẹ́, ibi tí ẹ bá ti là á gbàgà ni yóò sì ti sán. Sẹ́lótéèpù á pọ́n, á máa lẹ̀ mọ́ ewé kejì. Gọ́ọ̀mù funfun káfíńtà ni kí ẹ fi ra etí ewé fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e mọ́jú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kó ya etí ìwé láti òkè: ewé tó bá yọrí ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ti já.

Ìwé kẹsàn-án nínú ọ̀wọ́ X-Wing ni, àmọ́ ẹni tí kò ka mẹ́jọ ìṣáájú ò ní sọnù. Aaron Allston rán Wedge Antilles àti awakọ̀ òfurufú ogun mẹ́ta (Janson, Hobbie àti Tycho) lọ ṣe aṣojú ìjọba ní Adumar, ayé kan lójú òfurufú, níbi tí wọ́n ti ń bọ awakọ̀ ogun bí òrìṣà. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ń pe Wedge níjà kí wọ́n lè kú ikú iyì. Turr Phennir, awakọ̀ ọ̀tá, ń pa àwọn tó bá pe òun níjà láìwẹ̀yìn. Wedge ní ìbọn ìdánrawò lòun máa lò: ẹ̀rọ á ṣírò pé o ti kú, wàá sì lọ sílé jẹun. Ẹni tó ń tì í pé kó máa pa wọ́n ni Tomer Darpen, ọmọ ìjọba tirẹ̀ gan-an. Lábẹ́ ẹ̀rín, ìjà tòótọ́ nìyẹn, ó sì ká mi lára ju bọ́ǹbù lọ.

Ẹ̀rín ọ̀hún kò kéré ṣá. Hobbie á fajú ro bí ẹni tó gbọ́ òkú, Janson á máa ṣe bí ọmọ iléèwé, Tycho á sọ gbólóhùn kan péré, ilé á dàrú. Àwọn olóyè Cartann, orílẹ̀-èdè kan ní Adumar, ni kò jinlẹ̀, orúkọ wọn sì ń da orí rú. Ṣùgbọ́n Rogriss, ọ̀gágun ọ̀tá tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́, tí ìjọba rẹ̀ wá ní kó yẹ̀ ẹ́! Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5 fún ẹ̀dà tòkúnbọ̀ yìí. Mo ti ra ti orí fóònù, ìyẹn ò ní gọ́ọ̀mù.